Ìdọ̀bálẹ̀ Orí Tapólì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó má di pé mo fi pa mọ́: ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sílé àwọn òbí ọmọge tí mò ń fẹ́ ní Ìfọ̀, ọwọ́ méjèèjì ni mo nà sókè láti fi kí bàbá ẹ̀. Bàbá ẹ̀ o! Àlájì! Ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún látibi ojú irin títí dé mọ́ṣáláṣí. Mo dúró gbagidi bí òpó iná, mo nawọ́ sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró lẹ́sípírẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó tẹ̀ lé mi lọ, ṣe ló fi gèlè bojú.

Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi nílé. Iṣẹ́ ló fà á. Ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́.

Ìbàfò ni mò ń gbé, yàrá kan péré, ẹ̀yìn ilé epo. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni ká wó nǹkan. Mi ò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Inú fóònù ni mo ti wò ó, bí wọ́n ṣe ń gé irin, bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ògiri máa wó sí, èmi náà wá fi géètì tí ẹnì kan ò fẹ́ mọ́ dán an wò. Tí wọ́n bá ti fẹ́ wó ilé ní Mówè, ní Ìbàfò, títí dé Àrẹpo, wọ́n á ní ẹ pe bọ̀ọ̀dá tó máa ń bínú yẹn. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn. Kò kàn mí. Ṣé ògiri máa ń wó fún ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí i ni?

Nígbà tí wọ́n wá ní àwọn kan fẹ́ wó hángà àtijọ́ kan ní ẹ́pọ́ọ̀tù, ilé onírin gbàràmù tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ òfurufú wọ̀ láyé ijọ́un, mo ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Ẹ gbé hámà, ẹ gbé girándà, ká máa lọ. Bàbá Fọ́máànù tó kó wa lọ, ọmọ Mówè gangan, tó ti ń wó ilé kí wọ́n tó bí mi, ohun tóun náà sọ nìyẹn. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá ṣọ̀lẹ, ọjọ́ mẹ́wàá."

Oṣù mẹ́ta la lò níbẹ̀.

Ọ̀dà ló dá wa dúró. Ọ̀dà lásán-làsàn tí wọ́n kùn sára irin! Obìnrin kan wà níbẹ̀, kò lè ju ẹ̀gbọ́n mi lọ, bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ tóbi ju tèmi lọ, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ṣọ́ wa kẹ́nikẹ́ni má ṣèṣe. Àǹtí Sẹ́fitì la ń pè é. Ó mú ọ̀bẹ kékeré, ó fi omi sí ara hángà yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́. Àwọ̀ eérú ló wà lókè. Ó họ ọ́ síwájú, ó di àwọ̀ ewé. Ó tún họ ọ́, ó pupa fòò bí epo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún.

Ó ní, "Ṣẹ́ ẹ rí pupa yẹn? Òjé ló wà nínú ẹ̀. Òjé tó wà nínú bátìrì mọ́tò yẹn náà. Tẹ́ ẹ bá fi girándà lọ̀ ọ́, ó di lẹ́búlẹ́bú. Tẹ́ ẹ bá fi iná jó o, ó di èéfín. Ẹ máa fà á símú, ẹ máa gbé e wọ bọ́ọ̀sì, ẹ máa gbé e délé fún ọmọ yín."

Mo ní, "Àǹtí, mi ò tíì bímọ o."

Ó ní, "Ṣó ò fẹ́ bí ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó ní tí nǹkan yìí bá wọ ara ọmọ kékeré, ọpọlọ ẹ̀ ló ń bá jà, ọmọ tó yẹ kó máa pariwo ABD kò ní lè gbá a mú, kì í sì í tètè jáde. Ó ní inú eegun ló ń lọ jókòó sí, bí ayálégbé tí ò fẹ́ kó jáde. Ọ̀rọ̀ ayálégbé yẹn ló wọ̀ mí lára. Mo mọ irú ayálégbé bẹ́ẹ̀. Mo ti wólé lé wọn lórí rí.

Bí wọ́n ṣe ta okùn pupa yí gbogbo ibẹ̀ ká nìyẹn o. Tó o bá fẹ́ wọnú okùn, o máa wọ òfàróòlù funfun látorí dé ẹsẹ̀, o máa de máàsìkì tó máa jẹ́ kó o máa mí bí adìyẹ tí oòrùn pa. Kó o tó fọwọ́ kan irin, o máa kọ́kọ́ fi omi rin ín. Ibi tó o bá fẹ́ gé, o máa họ ọ̀dà ibẹ̀ kúrò ní tútù kó o tó gé e. Èyí tó o họ, inú náílọ́ọ̀nù tó nípọn ló ń lọ, wọ́n á tún fi òmíràn wé e. O ò gbọdọ̀ jẹun. Ẹnì kan nínú wa kó ẹ̀pà sápò, ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbé òun náà sínú náílọ́ọ̀nù. Tó o bá ń jáde, o máa bọ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, o máa wẹ̀. Wẹ̀! Nídìí iṣẹ́! Ojoojúmọ́! Àwa tá a jẹ́ pé ọjọ́ Jímọ̀ la mọ̀!

Ti ọkọ̀ òfurufú tún wà ńbẹ̀. Tí ọ̀kan bá ti ń wọ́ kọjá, atẹ́gùn ẹ̀ á fẹ́ fẹ́ náílọ́ọ̀nù wa lọ, wọ́n sì ní náílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tó bá wọnú ẹ́ńjìnnì, ọ̀ràn dé nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ̀nà á wá fọn fèrè, pírí-pírí, gbogbo wa á sáré lọ jókòó lé náílọ́ọ̀nù bí adìyẹ tó sàba. Àwọn èèyàn tó wà nínú ọkọ̀ á máa wò wá látojú fèrèsé. Ọmọ kan tiẹ̀ juwọ́ sí mi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló bà mí jẹ́. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ti wà nínú okùn nígbà tí Bàbá Fọ́máànù wọlé. Kí làwọn ọmọ Yorùbá máa ṣe? Gbogbo wa bẹ́ lulẹ̀ gbìì! "Ẹ káàárọ̀ sà!" Òfàróòlù funfun, ìdúbúlẹ̀ gbọnrangandan, àyà nínú lẹ́búlẹ́bú. Àǹtí Sẹ́fitì figbe ta bí ẹni tí ejò bù jẹ.

Ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, nínú okùn pupa, kò sí ìdọ̀bálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí àgbà, ẹ nawọ́ méjèèjì sókè. Ó ti tó.

Bàbá Fọ́máànù ní, "Ṣé kí n wá lọ sọ nílé pé àwọn ọmọdé ń juwọ́ sí mi?"

Àǹtí Sẹ́fitì ní, "Bàbá, ẹ bínú sí mi. Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Èmi ni mo bínú jù. Mo ní irú ìranù wo nìyí? Mo ní ṣé òjé ló bí mi ni? Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, bí Bàbá ṣe yọ, mo mọ̀ọ́mọ̀ dọ̀bálẹ̀. Mo na gbọnrangandan, mo tún yí apá ọ̀tún, mo yí apá òsì, kí ayé rí i. Àǹtí Sẹ́fitì ò bá mi jà rárá. Ó kàn na ìka, ẹni méjì fa họ́ọ̀sì wá. Wọ́n fọ̀ mí bí ìgbà tí wọ́n ń fọ ọkọ̀ akérò lójú títì. Mo sì ti lọ wọ òfàróòlù lé jíǹsì mi lórí, nítorí mo ní mi ò lè máa bọ́ ṣòkòtò níwájú èèyàn. Wọ́n ní eruku ti wọ̀ ọ́. Wọ́n gba jíǹsì mi. Wọ́n kó o sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n so ó, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lára pé ohun eléwu. Jíǹsì mi! Èyí tó dáa nínú méjì!

Òfàróòlù tuntun ni mo wọ̀ délé. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni ò jókòó tì mí, ẹni tó ti jókòó tẹ́lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ. Bí mo ṣe bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìbàfò, ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa wò mí látòkè délẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Ó ní, "Ilé ta ló ti kú?"

Mo ní, "Màámi, èmi ni."

Ó ní, "Ìwọ lo kú?"

Mo wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ni mò ń nà. Láàárọ̀, ọwọ́ sókè. Tí Bàbá bá ń lọ, ọwọ́ sókè. Oṣù mẹ́ta. Mi ò sì mọ̀ pé ara ló ń kọ́ nǹkan, kì í ṣe orí. Ìgbà tí mo fura ni ọjọ́ tí mo pàdé lánlọ́ọ̀dù mi lẹ́nu géètì, tí mo nawọ́ méjèèjì sókè sí i. Lánlọ́ọ̀dù náà nawọ́ sókè. Ó rò pé olóṣèlú kan ló ń kọjá lẹ́yìn òun. A dúró bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, àwa méjèèjì.

Àárín ìgbà yẹn ni ọmọge mi ní bàbá òun fẹ́ rí mi. Ó ń kàwé ní Ìbógùn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn nípa ẹ̀rọ. Òun nìkan ni mo mọ̀ tí mo lè máa bínú níwájú ẹ̀ kó máa jẹ ẹ̀pà lọ. Ó máa ń ní, "Ṣó o ti rí i? Imú ẹ ti ń fẹ̀ bíi ti màálù." Mo fẹ́ràn ẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ní, "Tẹ́tí o. Bàbá mi ò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan. Kò ní bi ẹ́ níṣẹ́, kò ní bi ẹ́ nílé. Bó o ṣe kí òun ló máa wò. Tó bá ti wò ó tán, ó ti parí nìyẹn. Ó ti lé ẹni méjì."

Mo ní, "Kí làwọn yẹn ṣe?"

"Èkíní tẹ orí ba báyìí, bí ẹni tó ń wo bàtà. Èkejì dọ̀bálẹ̀ dáadáa, àmọ́ fóònù ẹ̀ dún, ó gbé e nílẹ̀ níbẹ̀."

Mo ní ìyẹn nìkan? Ọ̀rọ̀ ti parí. Ìdọ̀bálẹ̀ tí mo jẹ́ bàbá ẹ̀! Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Mówè ò gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń jókòó sórí àga nínú yàrá mi, á dé fìlà mi lé orí gèlè, á ní òun ni Àlájì, kí n dọ̀bálẹ̀.

"Àyà ò kan ilẹ̀!"

"Ó kàn án!"

"Mò ń rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹ̀! Àgbọ̀n ńkọ́? Tún un ṣe!"

Ọjọ́ Sọ́ńdè tá a lọ, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun gbòò. A gba Òkè-Arò já, a ò tiẹ̀ pẹ́ lọ́nà, a dé Ìfọ̀ ṣáájú àsìkò tí wọ́n dá fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹni tó tètè dé ló mọ iyì ìyàwó. Ìyẹn ló kó bá wa. Tá a bá pẹ́ ni, wọn ì bá ti gbálẹ̀.

Látìta ni mo ti gbọ́ ọ. Wííííííí. Girándà.

A wọnú àgbàlá. Àlájì fúnra ẹ̀ ló wà níbẹ̀, wẹ́dà ni, irin àtijọ́ ló sì máa ń rà tà. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, fìlà wà lórí, kò sí máàsìkì, kò sí nǹkan kan. Ó gbé ilẹ̀kùn irin ńlá kan lé búlọ́ọ̀kù méjì, ó ń fi girándà họ ọ́. Ó rà á nígbà tí wọ́n wó ilé àtijọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ó fẹ́ fi ṣe géètì kí àwọn àna tó dé, kójú má tì í. Nítorí tiwa ló ṣe ń họ ọ́ o! Mo wo ara ilẹ̀kùn yẹn. Àwọ̀ eérú. Àwọ̀ ewé. Pupa fòò. Gbogbo ilẹ̀ àgbàlá pupa bí ìgbà tí èèyàn da ata gbígbẹ nù.

Àlájì pa girándà. Ó na ẹ̀yìn. Ó dúró, ó wá kápá mọ́yà. Ìyá ọmọge mi gbé míníràlì jáde sórí tírè. Ìyá Àlájì, ìyá arúgbó kan báyìí, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹjú kó lè rí mi dáadáa. Ọmọge mi ń fi ojú sọ fún mi pé ó yá, ó yá.

Mo wo ilẹ̀. Ilẹ̀ wò mí.

Ọwọ́ mi méjèèjì bá gòkè lọ.

Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rán wọn níṣẹ́.

Àlájì ní, "Kí lèyí?"

Ìyá arúgbó ní, "Bóyá ó ń fi hàn wá pé òun ò mú ọ̀bẹ wá."

Ẹ̀gbọ́n mi ta mí nípàá lẹ́sẹ̀. Ó ń sọ ọ́ láàárín eyín: "Dọ̀bálẹ̀. Ṣé orí ẹ dàrú ni? Dọ̀bálẹ̀!" Mo ní ó dáa, tó bá jẹ́ ikú, kó jẹ́ ikú, jíǹsì mi ti lọ, kí funfun náà lọ. Mo ti ń tẹ orúnkún bọ̀ wálẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí ọmọ kan lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọmọge mi, kò tíì lè rìn. Ó jókòó sínú lẹ́búlẹ́bú yẹn, ó ń fi ìka ya nǹkan sílẹ̀. Ìka ẹ̀ pupa. Ó wò ó. Ó fi ìka náà bọ ẹnu.

Mo pariwo. Kì í ṣe ohùn àna rárá, ohùn tí mo fi ń lé èèyàn kúrò lábẹ́ ògiri ni. "Ẹ gbé ọmọ yẹn! Ẹ gbé e ńbẹ̀ kíá! Ẹ má tan girándà yẹn mọ́! Kí lẹ̀ ń ṣe gan-an?!"

Ọmọge mi sáré sí ọmọ náà.

Àlájì wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi? Nínú àgbàlá mi? Kò kí mi, ó wá ń pàṣẹ fún mi?" Ó yíjú sí ìyàwó ẹ̀. Ó rọra sọ ọ́, ìyẹn ló burú jù. Ó ní, "Ẹ gbé míníràlì wọn padà sínú fíríìjì."

Wọ́n gbé e lóòótọ́. Mo ń wo tírè bó ṣe ń lọ.

Ó yẹ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n bí orí mi bá ti gbóná, ọ̀rọ̀ mi ò ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń pariwo òjé, mo ń pariwo eegun, mo ń pariwo ayálégbé. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ayálégbé wo?" Ọmọge mi ti gbé ọmọ, ó ti gbé e débi kọ́ńgà, ó ń fọ ọwọ́ ẹ̀, ó ń fọ ẹnu ẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ní, "Imú ẹ ti fẹ̀. Sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́." Mo bá mí kanlẹ̀. Mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí Àǹtí Sẹ́fitì ṣe sọ ọ́ fún wa. Mo fi àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn wọ́n lára ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo dé ibi ọpọlọ ọmọ, ìyá ọmọge mi fọwọ́ bo ẹnu. (Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní kò tíì pọ̀, kí wọ́n má jẹ́ kó sún mọ́ irú ẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì gbé e padà wá kóun tún wò ó.)

Àlájì ò tíì gbà. Ó ní, "Látìgbà tí mo ti ń lọ irin, ṣó pa mí?"

Ìyá ẹ̀ ní, "Kò pa ẹ́. Àmọ́ láàárọ̀ yìí o wá fìlà títí, orí ẹ ló sì wà."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo gé ètè jẹ. Mo ní, "Àlájì, mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ ọ, ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ mi ò lè dọ̀bálẹ̀ sínú nǹkan yìí, kí n sì gbé e lé ọmọ yín lọ́wọ́ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ fún mi lómi, ẹ fún mi ní náílọ́ọ̀nù, ẹ fún mi ní tapólì."

Àlájì nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ó ní, "Ẹ fún un. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó fẹ́ gbà já."

Bí mo ṣe ká apá bùbá sókè nìyẹn. Mo fi aṣọ tó tutù di imú. Mo ń fi kéètù àlùwàlá wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ kí eruku má gbéra. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ó gbé ìgbálẹ̀, mo ní "Ẹ má gbálẹ̀!", ó jù ú nù bí ẹni tó gbé ejò. Àkísà tútù ni mo fi ń kó o, mo ń kì í sí náílọ́ọ̀nù, mo so ó, mo tún fi òmíràn wé e. Mo wé ilẹ̀kùn náà bí òkú Mùsùlùmí. Lẹ́yìn náà, mo wo Àlájì, lẹ́búlẹ́bú pupa wà lára irun àyà ẹ̀.

Mo ní, "Ó ku ẹ̀yin, sà."

"Èmi bíi ti báwo?"

"Ẹ lọ wẹ̀, sà. Orí náà. Kẹ́ ẹ má gbọn síńgílẹ́ẹ̀tì."

Ìyá arúgbó bú sẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi ń mì. Ó ní, "Lọ wẹ̀! Látìgbà tó o ti pé ọmọ ọdún méje, mi ò rí ẹni bá mi sọ ọ́ fún ẹ!"

Àlájì lọ wẹ̀. Ó pẹ́ nínú ilé. Ó jáde nínú jálàbíà funfun, fìlà mìíràn, ó jókòó sórí àga. Mo tẹ́ tapólì sílẹ̀ níwájú ẹ̀, èyí tó fi ń bo sìmẹ́ǹtì. Mo ti fọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe: mi ò nù ún gbẹ.

Mo sẹ́yìn díẹ̀. Mo rántí gbogbo ẹ̀kọ́. Àyà, àgbọ̀n, kó má sí ìmọ́lẹ̀. Mo bẹ́ lulẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. "Ẹ káàsán sà!"

Mi ò dúró. Tapólì tútù. Mo ń yọ̀ lọ bí ẹja, ọwọ́ níwájú, àgbọ̀n nílẹ̀, títí orí mi fi kan bàtà Àlájì, pàá.

Mi ò gbórí sókè, wọn kì í gbórí sókè kí wọ́n tó dáhùn.

Ìyá arúgbó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo ti rí àna tó dọ̀bálẹ̀. Mi ò rí èyí tó dọ̀bálẹ̀ tó tún rìnrìn àjò rí."

Mo ń gbọ́ nǹkan kan tó ń mì lókè orí mi. Ikùn Àlájì ni. Ó ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe fún un. Nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó ní, "Dìde, dìde, kó o má lọ gbá mi wọlé." Ó wá nu ojú. Ó ní, "Ọjọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, o máa wá bá mi parí ilẹ̀kùn yẹn bó o ṣe mọ̀ ọ́n. Kó o sì gbé nǹkan tí wọ́n fi ń bomú yẹn wá, méjì."

Mo ní, "Ẹ ṣé sà."

Ó yíjú sí ìyàwó ẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé míníràlì yẹn padà wá."

Iná ti lọ látìgbà tí mo ti ń fọ ilẹ̀. Míníràlì ti gbóná bíi tíì. Mo mu ún tán, mo tún gba ti ẹ̀gbọ́n mi.